Yàrá ṣófo, póò kún: ohun tó ń pinnu iye ẹja tí dígí lè gbà

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àpótí dígí fún ẹja ọ̀ṣọ́ máa ń fi ojú wọn àyè. Ó rí omi púpọ̀, ó rí ẹja kéékèèké mẹ́rin tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín rẹ̀, ó ní dígí yìí ṣófo jù. Ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ó ra mẹ́jọ sí i. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, omi ti dàrú, ẹja ń gbé ẹnu sókè lójú omi, wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni pé ẹja náà ń ṣàìsàn láti ọjà.

Bí a ṣe ń gbé dígí kalẹ̀, bí a ṣe ń fọ òkúta wẹ́wẹ́ tí à ń tẹ́ sísàlẹ̀, irú iná tó yẹ kó wà lókè, gbogbo ìyẹn wà lára páálí tí wọ́n fi dì í. Ohun tí kò sí lára páálí ni ìdí tí omi tó tó ẹja mẹ́rin lónìí kò fi tó ẹja méjìlá lọ́la, bẹ́ẹ̀ ó sì lè tó wọn ní oṣù méjì sí i.

Àyè tí ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ tán. Ká wo ilé tí wọ́n ń fi háyà ní Èkó tàbí Ìbàdàn láyé àtijọ́, kó tó di pé omi ẹ̀rọ ń ṣan ilé ìgbẹ́. Yàrá ni onílé máa ń kà: yàrá mẹ́wàá, mẹ́ta ò tíì rí ayálégbé, nítorí náà kí ayálégbé máa bọ̀. Agbépòó, ẹni tó ń wá kó ìgbẹ́ lóru, kì í ka yàrá ní tirẹ̀. Póò ló ń kà. Ó mọ iye tó lè rù lóru kan. Bí èrò ilé bá ti kọjá ìyẹn, póò á kún kó tó padà dé, gbogbo ayálégbé ló sì máa jìyà rẹ̀, títí kan ẹni tó ti san owó ilé ọdún méjì sílẹ̀. Nínú dígí ẹja, omi ni yàrá. Bakitéríà ni agbépòó.

Ìgbẹ́ dúdú tí à ń rí nísàlẹ̀ kọ́ ni ìdọ̀tí tó léwu jù. Amóníà ni, ojú kò sì rí i. Ibi pupa abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ẹja fi ń mí, ibẹ̀ náà ló ti ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sínú omi, tọ̀sán tòru. Inú purotéènì oúnjẹ rẹ̀ ni amóníà yìí ti ń wá, èyí sì ló jẹ́ kó ṣeé ṣírò. Àwọn tó ń sin ẹja fún títà ní ìṣirò kan: ìwọ̀n oúnjẹ, lọ́nà ìdá purotéènì inú rẹ̀, lọ́nà 0.092. Gíráàmù 1 oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ 40 nínú 100 á mú nǹkan bí mílígíráàmù 37 amóníà wá, bí a bá wọ̀n ọ́n gẹ́gẹ́ bí nítírójìn. Dígí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 30, tó sì ga ní 30, lítà 54 ló ń gbà bó bá kún dé ẹnu. Ká yọ òkúta àti àyè òkè kúrò, ká pè é ní 45. Mílígíráàmù 37 nínú lítà 45 lé ní 0.8 fún lítà kan, lójúmọ́ kan ṣoṣo, láti ara oúnjẹ oníkóró tí kò kún ṣíbí tíì. Àwọn tó ń yẹ omi dígí wọn wò déédéé ti ń ṣàníyàn bó bá dé 0.25.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé oúnjẹ ló yẹ kéèyàn máa kà, kó tó ka ẹja. Ẹja mẹ́fà tí ọmọ ilé mẹ́ta ń bọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìsọ fún ara wọn, ti pọ̀ jù nínú dígí tí ẹja méjìlá ì bá ti gbé ní ìrọ̀rùn.

Wàyí o, iṣẹ́ agbépòó. Ìpele méjì ni. Bakitéríà àkọ́kọ́ ń sọ amóníà di náítíráìtì. Èkejì ń gba náítíráìtì yẹn, ó ń sọ ọ́ di náítíréètì. Májèlé ṣì ni náítíráìtì: ó ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹja, ẹ̀jẹ̀ á ṣókùnkùn, kò sì ní lè gbé ọ́síjìn mọ́, débi pé ẹja á máa mí gúlegúle nínú omi tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Náítíréètì kò le tó bẹ́ẹ̀. Omi tí à ń pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń kó o lọ.

Sergei Winogradsky, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà, ló ya irú àwọn bakitéríà yìí sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1890. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà tí ìwé ẹja ọ̀ṣọ́ fi ń pe agbépòó kejì ní Nitrobacter. Ní 1998, ìwádìí fi hàn pé Nitrospira ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú fílítà dígí, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi rẹ̀, pé ẹlòmíì ni wọ́n ti ń kí kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ní 2015 ni èyí tó yani lẹ́nu jù wá jáde: Nitrospira kan wà tó ń dá iṣẹ́ méjèèjì ṣe, láti amóníà títí dé náítíréètì, iṣẹ́ tí gbogbo ayé ti gbà pé kò sí bakitéríà kan tó ń dá a ṣe. Ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti bá a ni fílítà omi níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja.

Kò sẹ́ni tó gba àwọn agbépòó yìí síṣẹ́. Ohun tó mú ètò yìí gbọ́n nìyẹn. Bí póò bá pọ̀ sí i, àwọn náà á bí sí i. Bó bá dín kù, díẹ̀ nínú wọn á kú. Wọn kì í gbé inú omi gan-an. Ara fóòmù fílítà, ara òkúta, ara dígí ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí pípààrọ̀ omi kì í fi lé wọn lọ. Ohun tó ń lé wọn ni kéèyàn yọ fóòmù fílítà, kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tàbí kó gbé e sábẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní kílóríìnì, kó lè mọ́ tónítóní. Láyé agbépòó, ẹni tó bá bú u lóru mọ ohun tó máa bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó fi ọṣẹ fọ fílítà kò yàtọ̀ sí i. Omi tí a bù jáde látinú dígí náà ló yẹ ká fi ṣàn án, kò sì gbọdọ̀ mọ́ jù.

Àléébù ètò náà ni pé agbépòó yìí kì í yára bímọ. Bakitéríà E. coli lè di ìlọ́po méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú níbi tó bá ti tù ú lára. Ti inú fílítà ń lò tó ìdajì ọjọ́ sí odidi ọjọ́ kan, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, dígí tuntun máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí iṣẹ́ ìpele méjèèjì tó gún régé, èkejì ló sì máa ń pẹ́ dé jù, nítorí kò sóhun tó máa jẹ títí àkọ́kọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ra dígí àti ẹja méjìlá lọ́jọ́ kan náà ti kó ayálégbé méjìlá sílé tí agbépòó kankan ò tíì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Èyí ò sì ṣẹ̀yìn bí wọ́n ṣe ń ta ọjà náà: dígí àti ẹja ń jáde nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà lọ́jọ́ kan náà, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí oníbàárà gbé dígí òfìfo lọ sílé fún oṣù kan. Ọ̀nà àbùjá tó dájú jù ni kéèyàn tọrọ fóòmù àtijọ́ látinú dígí ẹlòmíì tí ẹja rẹ̀ ń ṣe dáadáa, kó fi sínú fílítà tirẹ̀.

Òfin kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́: ẹja íǹṣì kan fún omi gálọ́ọ̀nù kan. Òfin yìí ti pa ọ̀pọ̀ ẹja, nítorí pé ó dùn-ún há sórí. Gígùn nìkan kọ́ ni ẹja fi ń dàgbà. Ẹja tó bá gùn ní ìlọ́po 2, tí ara rẹ̀ rí bákan náà, wúwo ní ìlọ́po 8. Neon tetra mẹ́wàá, íǹṣì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, jẹ́ íǹṣì 10. Oscar kan ṣoṣo tó gùn ní íǹṣì 10 jẹ́ íǹṣì 10 bákan náà, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ tó ìlọ́po 100 ti àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lápapọ̀. Lóòótọ́, ẹja ńlá kì í jẹun tó bẹ́ẹ̀ bí a bá fi wé ìwọ̀n ara rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń jẹ lójúmọ́ á tó nǹkan bí ìlọ́po 20 tiwọn. Òfin yìí ní dígí kan náà ló tó wọn. Oscar tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sì í ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ó sì lè dé 30. Àwọn kan á ní kò séwu, pé ẹja kì í dàgbà ju dígí rẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé ó lè ràn sójú kan. Omi tí kò dára ló ràn án.

Ọ́síjìn ni ohun kejì tó ń tán kí àyè tó tán. Omi tó wà ní ìgbóná 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gba nǹkan bí mílígíráàmù 8.3 fún lítà kan. Ní 30, ó ti wálẹ̀ sí 7.5, nígbà tí ooru tún ń mú kí ẹja nílò sí i. Ojú omi ló ń gbà á wọlé. Dígí lítà 54 tó dùbúlẹ̀ ní ojú omi ìlọ́po méjì ti èyí tó nàró, bẹ́ẹ̀ iye omi kan náà ni wọ́n gbà. Èyí tó nàró ló máa ń wu èèyàn rà. Àwọn agbépòó náà ń mí: láti parí iṣẹ́ lórí mílígíráàmù 37 amóníà tí a ṣírò lókè, wọ́n á lo nǹkan bí mílígíráàmù 170 ọ́síjìn, ó sì súnmọ́ ìdajì gbogbo èyí tí lítà 45 lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú omi á máa dá a padà, bí pọ́ǹpù bá ń da omi rú.

Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ ńkọ́? Pọ́ǹpù dúró, fílítà dúró, bakitéríà tó há sínú fílítà onídèérí á sì bẹ̀rẹ̀ sí kú láàárín wákàtí mélòó kan. Dígí tí ẹja rẹ̀ kò pọ̀ á la òru bẹ́ẹ̀ já. Èyí tó kún á di òkú láàárọ̀. Nítorí náà, ní Èkó tàbí Ìbàdàn, iye ẹja tí dígí lè gbà ni iye tó máa yè nígbà tí kò síná, iye tó ń yè nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ń ran èèyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò yí ìṣirò yẹn padà.

Àwọn kan máa ń tọ́ka sí àrọ̀. Wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe ń fún mọ́ra wọn nínú tánkì, tí kò sì kú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ó fara da amóníà ju ọ̀pọ̀ ẹja lọ, àwọn tó ń sìn ín náà sì ń da omi nù, wọ́n ń pọn tuntun sí i lemọ́lemọ́. Neon tetra kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó ń tanni jẹ jù ni dígí tó ti kún jù fún ọdún kan tí ohunkóhun ò ṣe é. Iṣẹ́ tí bakitéríà ń ṣe ń mú kí omi kan díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni pé pH rẹ̀ ń wálẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ omi bohóòlù etíkun tó ti ń kan tẹ́lẹ̀. Bí pH bá ti wálẹ̀ kọjá 6, agbépòó á bẹ̀rẹ̀ sí dẹ́kun iṣẹ́, amóníà á sì máa jọ. Ṣùgbọ́n nínú omi kíkan, èyí tó pọ̀ jù nínú amóníà náà á yí padà di irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja. Ní pH 7, èyí tó ń pani kò tó ìdá 1 nínú 100. Ní pH 8, ó ti lé ní ìdá 5. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, onídígí dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó rí i pé omi ti pọ́n, ó da ìdajì rẹ̀ nù, ó pọn omi tuntun tí pH rẹ̀ ga sí i. Amóníà tó ti sùn láti oṣù yìí jí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Á ní omi tuntun ló pa ẹja òun. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó ti máa pààrọ̀ rẹ̀, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

Ní ti dígí sẹ̀ǹtímítà 60 tí à ń ṣírò bọ̀, ẹ̀yà ẹja kan ṣoṣo ló dára jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Neon tetra kì í fẹ́ dá wà, nítorí náà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá wọn, tí a kó sí i ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin lẹ́yìn tí amóníà àti náítíráìtì ti padà sí òdo, ti tó. Tàbí kribensis, Pelvicachromis pulcher, ẹja odò gúúsù Nàìjíríà tí àwọn ará Yúróòpù náà ń sìn: akọ kan, abo kan, àti ìkòkò kékeré tí wọ́n lè sá sí. Tọkọtaya yìí kò ní da póò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá yé ẹyin, gbogbo ìsàlẹ̀ dígí á di tiwọn, wọ́n á sì máa lé ẹja yòówù tó bá sọ̀ kalẹ̀ títí ọmọ wọn á fi gbó. Níbẹ̀, ẹja kan péré tó bá lé sí i ti pọ̀ jù, bí omi ì báà mọ́ tó gíláàsì.