Ẹni Tó Ń Rajà Ni Olùkọ́: Bí Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ṣe Ń Wọnú Ọrọ̀ Ajé

Bí ẹ̀rọ ńlá kan bá dé sí ìlú kan ní Èkìtì, gbogbo wa la mọ bí ọjọ́ náà ṣe máa ń rí. Wọ́n á ta kánópì, onílù á dé, àwọn kábíyèsí á jókòó síwájú, ẹni ńlá kan á gé rìbọ́nù. Tó bá di alẹ́, rédíò á kéde pé ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wọ̀lú. Irọ́ kékeré kan wà nínú ìkéde yẹn. Ẹ̀rọ ló wọ̀lú. Ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ bá dé títí dìgbà tí ìmọ̀ rẹ̀ yóò di tiwa ló ń pinnu bóyá orílẹ̀-èdè kan máa lówó lọ́wọ́ tàbí kò ní í lówó, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò dá.

Ẹ jẹ́ ká yára kọjá ibi tí kò lẹ́jọ́. Ní 1957, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Robert Solow ṣírò iye iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan ń mú jáde ní wákàtí kan láti 1909 sí 1949. Ó ti di ìlọ́po méjì. Bí wọ́n bá pín àlékún náà sí ọ̀nà mẹ́jọ, méje ló wá láti inú ìmọ̀ àti ọgbọ́n iṣẹ́. Ẹyọ kan péré ló wá láti inú pé wọ́n ra irinṣẹ́ kún irinṣẹ́. Orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ kò sì ní láti hùmọ̀ gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Ó lè fi òwò ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ní in, tàbí kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ gbé owó àti ẹ̀rọ wá dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní ìdókòwò.

Ibi tó ta kókó rèé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Diego Comin àti Martí Mestieri, tọpa ìmọ̀ ẹ̀rọ 25 tó jáde láàárín igba ọdún, látorí ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ooru títí dé fóònù alágbèéká. Wọ́n rí i pé ẹ̀rọ túbọ̀ ń tètè dé orílẹ̀-èdè tálákà ju ti àtijọ́ lọ. A rí i níbí náà: 1876 ni wọ́n ti hùmọ̀ tẹlifóònù, síbẹ̀ nígbà tó fi di 2001, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ìlà ni NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ní fún gbogbo Nàìjíríà. GSM, ìyẹn ètò fóònù alágbèéká, ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní 1991, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ nǹkan kejì tí wọ́n rí kò dùn mọ́ni: bí ẹ̀rọ bá ti dé tán, bó ṣe ń tàn ká lọ́dọ̀ olówó àti lọ́dọ̀ tálákà túbọ̀ ń jìnnà síra ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka iye ẹ̀rọ tó dé kó tó lè mọ bí ìdàgbàsókè ṣe ń lọ sí, ohun tí kò ṣòro mọ́ ló ń kà.

Ara Èkìtì mọ̀ pé isu kan náà lèèyàn lè sè, tó sì lè gé ní èbù. Owó kan náà ni wọ́n fi rà á. Ẹni tó sè é ti jẹun, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, á tún padà sọ́jà pẹ̀lú owó. Ẹ̀rọ tí a rà náà lè jẹ́ isu sísè, ó sì lè jẹ́ èbù. Kí èbù tó hù, ó nílò ebè, ìyẹn iná, ọ̀nà, àti ọwọ́ tó mọ irin. Ó tún nílò èèpo, nítorí ara èèpo ni ọ̀mùnú ti ń yọ. Ẹ̀rọ tí àdéhùn rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u, àfi ẹnjiníà tó bá wọ bàálù wá láti òkè òkun, èbù tí wọ́n ti bó ni. Ẹ kọ ebè tó ga tó òkè fún un, ó máa jẹrà síbẹ̀ ni. Tó bá sì hù tán, ó tún ń fẹ́ ọ̀pá tí ìtàkùn rẹ̀ máa fà mọ́. Ọ̀pá yẹn ni wọ́n máa ń gbàgbé, a ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí èbù àti ẹ̀rọ ti yàtọ̀: ẹni tó fún ọ ní èbù ti ní isu kan dín, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò ní nǹkan kan dín. Lórí ọ̀rọ̀ pé ìmọ̀ kì í tán lọ́wọ́ ẹni tó pín in ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé Paul Romer kọ́ iṣẹ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní 2018 lé. Ìdí tí àwọn tó ní in fi ń tì í mọ́lẹ̀ náà nìyẹn: bó bá ti jáde, kò ṣeé kó padà.

Báwo ló ṣe wá ń jáde? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí iléeṣẹ́ òkèèrè bá ti dé, àwọn iléeṣẹ́ ilé tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà á máa wò ó kọ́ ni. Ní 2004, onímọ̀ ọrọ̀ ajé Beata Javorcik gbé ìwádìí jáde nípa àwọn iléeṣẹ́ ní Lithuania, ohun tó rí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń dije kò rí ẹ̀kọ́ tó ṣe gúnmọ́ kọ́. Àwọn tó ń ta ọjà *fún* iléeṣẹ́ àjèjì ni iṣẹ́ wọn dára sí i. Ó tún rí i pé àwọn iléeṣẹ́ tí onílé àti àlejò jọ ní ìpín nínú rẹ̀ ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Níbi tí àlejò nìkan ti ni gbogbo rẹ̀, kò hàn. Bí a bá rò ó, kò yani lẹ́nu. Ẹni tó lè gba oníbàárà rẹ lọ́wọ́ rẹ, wàá pa ìmọ̀ mọ́ fún un. Ẹni tí ọjà rẹ̀ tí kò dáa lè ba tìrẹ jẹ́, tó bá fẹ́ tó bá kọ̀, wàá kọ́ ọ. Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí nìyẹn, kò sì sí ìjọba tó dá a sílẹ̀: ìmọ̀ ń gba ojú ọ̀nà tí owó ọjà gbà.

Ẹ wo ọgbà màlúù tó wà ní Ìkún-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà. Láyé Ondó àtijọ́, ní àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì àti iléeṣẹ́ Promasidor tó ń ta wàrà fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù 5 dọ́là láti jí i, wọ́n sì fi bàálù kó màlúù Jersey wá láti Amẹ́ríkà. Fọ́tò màlúù tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ni gbogbo èèyàn wò, mi ò sì bá wọn wí, nítorí kì í ṣe ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí màlúù ń jẹ ló yẹ ká tẹ́tí sí. Kò sẹ́ni tó lè máa fi bàálù gbé koríko. Màlúù tó ń fún wàrà nílò àgbàdo, àgbàdo tó bá bu sì máa ń ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tí màlúù bá jẹ ẹ́, á gba inú wàrà jáde. Nítorí náà, ọgbà wàrà tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò lè gba àgbàdo tí kò gbẹ. Bí ọgbà bẹ́ẹ̀ bá ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀ Mọ̀bà àti Ìléjeméje, ó máa dá ti ẹni kan padà, inú á bí i, á béèrè ìdí, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú àgbàdo hàn án. Lọ́dún kejì, kò ní í sá a sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́. Àgbàdo gbígbẹ yẹn ò ní í jẹ́ fún ọgbà wàrà nìkan. Aládìẹ á rà á, àwọn tó ń lọ ògì á rà á. Ìdàgbàsókè nìyẹn, kò sì sí ẹni tó gé rìbọ́nù fún un. Bó bá ṣe pé ibòmíràn ni ọkọ̀ ti ń gbé oúnjẹ màlúù wá, wàrà á máa jáde, owó á máa wọlé fún àwọn tó ni ín, àgbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọgbà á sì wà bó ṣe wà.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù lọ ti wà lójú wa tipẹ́, ó ń pariwo lẹ́yìnkùlé: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ní àwọn ọdún 1930 ni àwọn Faransé gbé irú rẹ̀ wọ Dahomey, tó di Benin lónìí, kí gàrí lè pọ̀ tó èyí tí wọ́n á kó ránṣẹ́ sókè òkun. Ó kọjá sí Nàìjíríà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì gbà á. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó wà lára rẹ̀: òkèèrè ni ẹ́ńjìnnì ti wá. Ìyókù, ìyẹn igi róbótó tí wọ́n fi páànù onígbájúgbájú wé, ẹnu àpótí tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí, àti férémù rẹ̀, ọ̀dọ̀ wẹ́dà àdúgbò ló ti wá. Ta ló kọ́ wẹ́dà? Àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí ni. Wọ́n dé, wọ́n ní kò kúná. Ó tún ihò páànù lù kó súnmọ́ra. Wọ́n tún dé, wọ́n ní ìpẹtà ń yọ dúdú sínú gàrí, àwọn oníbàárà ń sọ̀rọ̀. Ó wá irin tí kì í dípẹtà. Kò sí ìwé àṣẹ ìhùmọ̀, kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kò sí owó ìrànwọ́. Ariwo oníbàárà ni ọ̀pá tí ìtàkùn yẹn gùn. Bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ lónìí ní abúlé kan lẹ́bàá Ìkọ̀lé, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi tún un ṣe, nítorí ẹni tó máa tún un ṣe náà ló ṣe é.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yìí kan náà fi àléébù kan hàn. Ó lọ ohun tí èèyàn á fi odidi ọjọ́ rin láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ la ṣì fi ń bó ẹ̀gẹ́, inú èéfín la sì ti ń yan gàrí. Ẹ̀gẹ́ kì í rí bákan náà. Èyí tẹ̀, èyí tinrín, èyí ní kókó, ẹ̀rọ tó bá fẹ́ bó o sì máa ń gé ara rẹ̀ dànù pẹ̀lú èèpo. Ibi tó lọ́ra jù ló ń pinnu iye àpò tó máa jáde lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbé ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ mẹ́ta sí i wá sí abúlé tó ti ní ọ̀kan, àpò gàrí ò ní í fi bẹ́ẹ̀ lé. Ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ ni àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ sì máa ń rà ṣáá, bóyá torí pé ó rọrùn láti rà, ó sì dára nínú fọ́tò.

Òwò tún ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn. Òfin tí European Union ṣe ní 2023 sọ pé kòkó tó bá máa wọ ọjà wọn kò gbọdọ̀ wá láti inú igbó tí wọ́n gé lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020, oko tó ti wá sì gbọ́dọ̀ hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ra kòkó kò lè dúró dìgbà yẹn. Àgbẹ̀ kòkó ní Ẹmùré tàbí Ìsẹ̀ tí kò ní ìwé ilẹ̀ rí lè wá ní ààlà oko rẹ̀ nínú fóònù, nítorí pé oníbàárà kan ní Yúróòpù ń yọ àwọn tó ń ra kòkó rẹ̀ lẹ́nu. Epo rọ̀bì, tó jẹ́ ọjà tí Nàìjíríà ń tà jù, kò ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún ará Èkìtì. Dọ́là ló ń mú wá, dọ́là yẹn la sì fi ń ra ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí oṣù Kẹfà 2023 bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀rọ tí gbogbo páàtì rẹ̀ ń ti òkèèrè wá gbówó lérí gidigidi. Èyí tí wẹ́dà ṣe ìdajì rẹ̀ náà gbówó lérí, àmọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba abẹ́ òkun wá: dídé rẹ̀ nìkan kò tó. MainOne ti dé etíkun Èkó ní 2010, Equiano ti Google dé ní 2022. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Jonas Hjort àti Jonas Poulsen yẹ orílẹ̀-èdè 12 wò ní Áfíríkà, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ pọ̀ sí i nígbà tí okùn abẹ́ òkun dé, kódà fún àwọn tí kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí okùn orí ilẹ̀ ti kàn nìkan. Etíkun Èkó jìnnà sí Adó. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Èkìtì ṣe ní 2020 fi gbọ́n ju bó ṣe dún létí lọ: owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ ri okùn, wọ́n gé e láti ₦4,500 wá sí ₦145 fún ìwọ̀n ilẹ̀ kan náà.

Ní báyìí, Ekiti Knowledge Zone, ọgbà iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì, ló kù tí wọ́n ń sọ, ní Adó-Èkìtì, pẹ̀lú owó yíyá mílíọ̀nù 80 dọ́là láti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà. Wọ́n á ka iye iléeṣẹ́ tó wọlé síbẹ̀ fún wa, wọ́n á ka iye ọ́fíìsì. Ojú ìwé tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣí nínú àkọsílẹ̀ irú ibẹ̀ ni èyí tó to orúkọ àwọn tí wọ́n ń rajà lọ́wọ́ wọn: ta ló ń tún iná ṣe, ta ló ń kọ sọ́fítíwíà kéékèèké tí àwọn ńlá ń lò, ọjà ta ni wọ́n dá padà lọ́dún tó kọjá, ṣé wọ́n sì ti wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yìí.