User space, ojúde lorúkọ ẹ̀, kì í ṣe "ààyè aṣàmúlò"

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí tipẹ́. Kernel ni ọkàn Linux, ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, òun ló ń darí àwọn ohun èèlò inú ẹ̀; user space ni ibi tí àwọn pírógíráàmù yòókù ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń pe user space ní "ààyè aṣàmúlò", àwọn mìíì tún wá ń pe kernel ní "ẹ̀kùró". Ẹ̀kùró kẹ̀! Ẹ̀kùró tí a ń pa, tí a ń fi ṣe àdín, kí ló kàn án nínú Linux? Ẹni tó túmọ̀ ẹ̀ kàn ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ni, kò wo iṣẹ́ tí nǹkan ọ̀hún ń ṣe. Kánẹ̀ẹ̀lì ò ṣe mí ní nǹkan kan, ká máa pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ọmọṣẹ́ ní Ìkẹjà ló mọ̀ ọ́n. User space ni mi ò lè dákẹ́ lé lórí, torí orúkọ tí wọ́n fún un ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Yábàá, mo ní kó tan iná LED kan lórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, ní GPIO 17 (GPIO ni àwọn ẹsẹ̀ tí pírógíráàmù lè tan tàbí pa), ìyẹn ẹsẹ̀ 11 lórí bọ́ọ̀dù (ẹsẹ̀ làwa tí à ń fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ bọ́ọ̀dù ń pe pin, ẹ má sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ ni). Ó ti fi resistor 330 ohm, èyí tó ń dín iná kù kí LED má bàa jó, sí i dáadáa. Ló bá tẹ sudo, àṣẹ tó ń fúnni lágbára root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá lórí kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti di root báyìí, mi ò sí ní ààyè aṣàmúlò mọ́, inú kernel ni mo wà." Inú mi bàjẹ́, àmọ́ mi ò bá a wí, orúkọ ló tàn án jẹ. Ó gbọ́ aṣàmúlò, ó rò pé èèyàn là ń sọ, pé aṣàmúlò lásán ló wà níta, root ló wà nínú. Irọ́ ni. Root, pẹ̀lú gbogbo agbára ẹ̀, user space náà ni pírógíráàmù ẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí mo fi mú ojúde nìyẹn. Èmi ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ìga là ń pe ààfin lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dé ìga kì í já wọ yàrá lọ fọwọ́ ara ẹ̀ tan iná, ojúde lá dúró sí, á ránṣẹ́, ìránṣẹ́ inú ilé lá lọ tan án. Olóyè lè dé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ á tètè wọlé, wọn ò ní bi í ní ìbéèrè tó pọ̀, àmọ́ ojúde náà ló ti ránṣẹ́ yẹn. Olóyè yẹn ni root. Lọ́nà tó yẹ, kánẹ̀ẹ̀lì ló ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù.

Ẹnìkan ní ojúde ti di ti ọdún Ìjẹ̀bú, kí n kúkú lo "ìta". Rárá o. Ẹni tó wà níta ti kúrò nínú ọgbà pátápátá, pírógíráàmù yín ò kúrò nínú kọ̀ǹpútà, àárín ọgbà ló wà, kò kàn wọlé ni. Ojúde nìkan ló sọ èyí láìsí àlàyé.

Ibi tí a ti ń ránṣẹ́ wá ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, fódà /sys/class/gpio ni, ẹ kọ nọ́ńbà sínú fáìlì export, ẹ kọ out sínú direction, ẹ kọ 1 sínú value, iná á tàn. Ó rọrùn, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣe tíì fi sílẹ̀. Àléébù ẹ̀ ni pé pírógíráàmù lè kú kí ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà bẹ́ẹ̀ láìní ẹni tó ni ín. Linux 4.8, ní 2016, ló gbé /dev/gpiochip0 àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dé. Tibí yìí, pírógíráàmù á béèrè ẹsẹ̀, á dì í mú, ẹlòmíì ò ní rí i gbà, tó bá sì ti kú, kánẹ̀ẹ̀lì á gbà á padà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọmọ yẹn tẹ gpioset -c gpiochip0 17=1, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láti libgpiod 2 (libgpiod ló ni gpioset, àṣẹ tó ń ránṣẹ́ sí gpiochip), iná tàn, àmọ́ tẹ́míná ò dá a lóhùn mọ́, ó ní ó ti há, ló bá tẹ Ctrl+C. Kò há o, ó dúró sójúde di ẹsẹ̀ yẹn mú fún un ni. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iná á ṣì máa tàn.

LED tí kánẹ̀ẹ̀lì ti mọ̀ ní LED tẹ́lẹ̀, bíi ACT, iná kékeré tó ti wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má fi gpioset dà á láàmú, /sys/class/leds lẹ máa lọ. Ẹ kọ heartbeat sínú trigger ẹ̀, á máa lù bí ọkàn, ẹ̀ẹ̀mejì kíákíá, á sinmi, kánẹ̀ẹ̀lì fúnra ẹ̀ lá máa lù ú, ẹ lè pa tẹ́míná yín kẹ́ ẹ lọ jẹun. Tẹ́ ẹ bá wá fi gpioset bèèrè irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó sọ fún yín pé "Device or resource busy", bọ́ọ̀dù ò bàjẹ́, ìránṣẹ́ inú ilé ló ti dì í mú kẹ́ ẹ tó dé, inú device tree, àkọsílẹ̀ ohun èèlò tí kánẹ̀ẹ̀lì ń kà nígbà tó bá ń jí, lẹ ti máa yọ ọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.