Kọ̀ǹpútà olówó gọbọi kọ́ ni ẹ nílò láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kóòdù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Ìsánlú, nígbàkigbà tí ọmọ kan bá ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé: "Jẹ́ ká kọ́kọ́ wá owó ra kọ̀ǹpútà gidi ná." Kọ̀ǹpútà gidi yìí, lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́, ni èyí tó ní ọpọlọ Core i7 alágbára àti RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń to iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) 16 GB, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì tí kì í já. Bàbá á wo owó kajú ọdún yẹn, á wo owó ilé-ẹ̀kọ́, á ní kó di àmọ́dún. Àmọ́dún á dé, ó tún di àmọ́dún mìíràn. Láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan fi sílẹ̀ wà níbẹ̀, fíìmù nìkan ni wọ́n fi ń wò.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń dùn wá, torí ọdún ọmọ ló ń gbà lọ. Láàpútọ́ọ̀pù tó ní RAM 4 GB tó ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ èdè kóòdù bíi Python, HTML tàbí JavaScript lò fún odindi ọdún àkọ́kọ́. Àwọn nǹkan kéékèèké tí kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé ló ń dá olùbẹ̀rẹ̀ padà lọ́nà: àpótí kan tí wọn ò fàmì sí, orúkọ fáìlì tí Windows fi apá kan rẹ̀ pa mọ́, ojú dúdú (Command Prompt, ibi tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Windows) tí wọ́n ṣí síbi tí kò yẹ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹrù náà ṣe fúyẹ́ tó. Oṣù kejì ọdún 1991 ni Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, kọ́kọ́ gbé Python jáde. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ní oṣù kẹjọ. RAM tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé nígbà yẹn kì í sábà ju MB mélòó kan lọ. 4 GB tí à ń fojú tín-ín-rín lónìí, ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan 4 MB ni. Lóòótọ́, Python òní tóbi ju ti àná lọ, síbẹ̀ bí ẹ bá ṣí i lásán, RAM tó ń gbà kò tó 20 MB. Windows fúnra rẹ̀, àti Chrome tí ẹ ṣí ojú ewé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sínú rẹ̀, ló ń jẹ RAM yín tán. Ẹ pa Chrome dé, ẹ ó rí i pé ẹ̀rọ náà á mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ alágbára ti jẹ́ òótọ́ wà o. Ẹni tó bá fẹ́ fi Android Studio ṣe áàpù fóònù gbọ́dọ̀ ní RAM 8 GB ó kéré tán, bó bá sì tún fẹ́ máa dán áàpù náà wò lórí fóònù aláwòrán tó ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà, 16 GB ló yẹ kó ní. Ẹni tó ń ṣe géèmù ńlá náà nílò ẹ̀rọ tó lágbára. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ ogún ebè iṣu kì í jókòó de katakata.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ni irú Windows tó wà nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni Python ti máa ń yan ẹni tó fẹ́. Python 3.13 sókè ń fẹ́ Windows 10 tàbí 11. Bó bá jẹ́ Windows 8.1 ni, ẹ mú Python 3.12.10. Bó bá jẹ́ Windows 7, ẹ má ṣe wulẹ̀ fi ẹ̀yà tuntun jagun, kò ní wọlé: 3.8.10 ni kẹ́ ẹ mú, ó sì tó kọ́ gbogbo ìpìlẹ̀. Ẹ ṣáà má máa fi Windows 7 ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bó bá sì jẹ́ pé tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ má wo bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ powercfg /batteryreport, kí ẹ tẹ Enter. Yóò kọ ìròyìn kan sínú fáìlì, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Nínú rẹ̀, ẹ wá Design capacity, ìyẹn iye iná tí bátìrì náà ń gbà nígbà tó wà ní tuntun, kí ẹ fi wé Full charge capacity, iye tó ń gbà lónìí. Bí ti òní kò bá tó ìdajì ti tuntun, ẹ yọ owó bátìrì kúrò nínú ohun tí ẹ máa san. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa yìí, bátìrì ló máa gbé iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn bátìrì, ẹ béèrè irú ibi ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀, bóyá SSD tó yára ni tàbí HDD ayíbírí tó ń falẹ̀. Bó bá jẹ́ HDD, kí ẹ tó pààrọ̀ odindi ẹ̀rọ torí pé ó ń falẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá yín fi SSD 240 GB rọ́pò rẹ̀. Kò sí àtúnṣe mìíràn tó ń jí láàpútọ́ọ̀pù àgbà dìde tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi RAM kún un gbọ́dọ̀ mọ irú èyí tó wà níbẹ̀, torí DDR3 kò lè wọ ojú ihò DDR4.

Ó yá, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà kan péré lẹ nílò rẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀. Fáìlì Python tó pé kò ju nǹkan bí 30 MB lọ, ẹ lè gbà á sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, kẹ́ ẹ fi fíláàṣì gbé e dé Bùnú tàbí ibikíbi, kí odindi kíláàsì kan sì fi fíláàṣì kan ṣoṣo yẹn ṣe tiwọn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún nǹkan kan: lórí python.org, ẹ máa rí ohun kan tí wọ́n ń pè ní Python install manager. Ìyẹn kì í ṣe Python fúnra rẹ̀, aṣojú ni. Tó bá dé orí ẹ̀rọ yín, íntánẹ́ẹ̀tì ló máa tún padà lọ fa Python wá. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ni Windows installer (64-bit), tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé ẹ̀yà tí ẹ bá mú, lábẹ́ Files. Nígbà tí ẹ bá sì ń fi fóònù fún láàpútọ́ọ̀pù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ wọ ètò Wi-Fi náà lọ, kí ẹ tan Metered connection. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ara rẹ̀, kó sì lá dátà yín mọ́lẹ̀ kí Python tó wọlé.

Bí ẹ bá ti tẹ installer náà lẹ́ẹ̀mejì, ojú àkọ́kọ́ tó máa yọ ní bọ́tìnì ńlá kan, Install Now. Ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Add python.exe to PATH sí, òfìfo ló sì máa ń wà. Ẹ fàmì sí i kí ẹ tó tẹ Install Now. Àpótí yìí ti lé èèyàn sẹ́yìn nínú kóòdù ju àìlówó lọ.

Ìdí rèé. Bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ náà python sí ojú dúdú, ẹ ti rán Windows níṣẹ́ pé kó lọ pe Python wá. PATH ni orúkọ àwọn ilé tí Windows máa yà wò bó bá ń wá ẹni tí ẹ ní kó pè. Bí ilé Python kò bá sí nínú wọn, Windows á padà wá sọ pé òun kò rí i, nígbà tí Python jókòó sílé rẹ̀ láìfi ibì kan ṣe. Lórí Windows 10 àti 11, èsì tí ẹ máa rí ni "Python was not found", tàbí kí ilé ìtajà Microsoft ṣí lójijì. Ọmọ á rò pé ẹ̀rọ òun kò lágbára tó, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Ẹ tún installer yẹn tẹ̀, ẹ mú Modify, ẹ tẹ Next, ẹ fàmì sí Add Python to environment variables, kí ẹ parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa ojú dúdú tó wà nílẹ̀ dé, ẹ ṣí òmíràn, torí èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ kò tíì gbọ́ ìròyìn tuntun. Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe wàhálà yẹn rárá, ẹ tẹ py dípò python, ó sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi VS Code sórí ẹ̀rọ tí ẹ sì ń bínú pé kóòdù kò ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́: VS Code kì í ṣe Python. Ìwé àti kálàmù ni VS Code, Python ni ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Kálàmù tó dára gan-an ni o, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tó ní 4 GB a kì í gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. IDLE, ibi ìkọ kóòdù kékeré kan, wà nínú Python tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, kò gba dátà kankan mọ́. Thonny, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Tartu lórílẹ̀-èdè Estonia fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó gbé Python tirẹ̀ wá, kò sí ọ̀rọ̀ PATH níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀yà kan tó wọ Windows 7. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Thonny la máa mú.

Ẹ jẹ́ ká kọ nǹkan kan. Ká ní kajú kílò 45 ni ẹ fẹ́ tà, ₦900 ni kílò kan:

kilo = 45
owo = 900
print("Ọ̀kún o! Owó kajú yín jẹ́", kilo * owo)

Ẹ fi pa mọ́ sínú fódà kan pẹ̀lú orúkọ kaju.py. Bó bá jẹ́ Notepad lẹ fi kọ ọ́, ìjàngbọ̀n méjì wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, Notepad fẹ́ràn láti fi .txt kún orúkọ, Windows á sì fi .txt náà pa mọ́, ẹ ó máa rí kaju.py nígbà tó jẹ́ kaju.py.txt ló ń jẹ́. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi pa mọ́, ẹ yí Save as type sí All files. Nínú File Explorer, ẹ lọ sí View, kí ẹ tan File name extensions, kí Windows má bàa fi ìdí orúkọ pa mọ́ fún yín mọ́. Èkejì kan àwa tí à ń kọ Yorùbá: lórí Windows àtijọ́, ẹ yí Encoding sí UTF-8, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì ohùn àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín á di àmì ìbéèrè.

Láti mú un ṣiṣẹ́, ẹ ṣí fódà náà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí lókè, ẹ pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú á ṣí sínú fódà náà gan-an. Ẹ tẹ python kaju.py. Ohun tó máa jáde ni:

Ọ̀kún o! Owó kajú yín jẹ́ 40500

Bí ẹ bá rí "No such file or directory", fódà mìíràn ni ojú dúdú yín wà. Bí ẹ bá rí "SyntaxError" nígbà tí ẹ tẹ python kaju.py, ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà: bí ọfà mẹ́ta >>> bá wà níbẹ̀, inú Python lẹ ti wà tí ẹ tún ń pe Python. Ẹ tẹ exit(), ẹ jáde, kí ẹ wá pè é láti ìta. Ẹ má sì sọ fáìlì yín ní random.py o. Python fúnra rẹ̀ ní ohun tó ń jẹ́ random, bí ẹ bá fi orúkọ yẹn sọ tiyín, tiyín ló máa kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà, ohun tó nílò kò sì ní sí níbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí print ń ṣe lè tẹ help(print) sínú Python láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí ẹ bá sì wá nílò irinṣẹ́ tí kò bá Python wá, bíi requests tó ń bá yín gba nǹkan látorí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ẹ tẹ pip download requests -d apo. pip ni ẹni tó ń gba irinṣẹ́ wá fún Python, ó máa kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà apo. Ẹ gbé e délé, ẹ tẹ pip install --no-index --find-links apo requests. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ̀yà Python kan náà àti Windows kan náà ló wà lórí ẹ̀rọ méjèèjì.

Àṣìṣe tó kù tí a fẹ́ fi hàn yín, ti ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni. Python 3 gbà kí ẹ fi àmì ohùn sí orúkọ nínú kóòdù: owó = 900 dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ owó lókè tí ẹ wá kọ owo nísàlẹ̀, orúkọ méjì ni wọ́n jẹ́ lójú Python, á sì da ìlà púpọ̀ síta. Ìlà ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ẹ̀sùn sí: NameError: name 'owo' is not defined. Lókè rẹ̀ ni ẹ ti máa rí nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀, line 3. Ẹ lọ sí ìlà kẹta, ẹ fi àmì sórí o tó gbẹ̀yìn, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún pè é.