Iye tí ìwé ìpolówó kọ kọ́ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá yóò máa tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ tó fẹ̀, irú èyí tí a fi ń tẹ báńà, stíkà, àwòrán ara ògiri àti ti ara ọkọ̀, ìlà kan ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò nínú ìwé tí oníṣòwò bá nà sí i: iye m² tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ ní wákàtí kan. m² kan ni ààyè tó gùn ní mítà kan, tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Bí ẹ̀rọ kan bá kọ 60, tí èkejì kọ 30, ọ̀rọ̀ ti parí lójú rẹ̀ nìyẹn: ti àkọ́kọ́ yóò ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì, owó tó ná lé e yóò sì tètè wọlé padà. Ìgbàgbọ́ yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ra ẹ̀rọ tí kò bá iṣẹ́ wọn mu.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tó ń sọ ni bí hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn apá ẹ̀rọ tó ń ta ínkì, ṣe lè sáré tó nígbà tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní wo iṣẹ́ náà nítòsí. Iye iṣẹ́ tí yóò jáde ní ṣọ́ọ̀bù, tí oníbàárà yóò gbà, tí yóò sì sanwó lé lórí, nǹkan mìíràn ló ń pinnu ìyẹn.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wá

Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹ̀rọ yìí, hẹ́ẹ̀dì ń lọ láti ọ̀tún sí òsì, ó ń bọ̀ láti òsì sí ọ̀tún, ó sì ń ta ínkì sílẹ̀ láti inú àwọn ihò tíntìntín tí a ń pè ní nozzle. Lẹ́yìn ìlọ kọ̀ọ̀kan, mẹ̀tíríà, ìyẹn ohun tí a ń tẹ àwòrán sí, á sún síwájú díẹ̀. Bí a bá ní kí hẹ́ẹ̀dì da gbogbo ínkì tí ibì kan nílò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nozzle kan tó bá dí yóò fa ìlà funfun láti etí iṣẹ́ dé etí kejì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín ínkì náà: hẹ́ẹ̀dì á kọjá lórí ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀mẹjọ, nozzle ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ á máa dé ibẹ̀, èyí tó ṣì ń ta á sì bo àléébù èyí tó dí. Kíkọjá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní pass. Bí pass bá ṣe pọ̀ tó ni iṣẹ́ ń dán tó, bẹ́ẹ̀ náà ni àkókò ń gùn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní hẹ́ẹ̀dì kan ga ní 25.4 mm, ó ń rin mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń lo ìṣẹ́jú àáyá 0.4 ní etí kọ̀ọ̀kan láti dúró, kó yí padà, kó tún gbéra. Lórí mẹ̀tíríà tó fẹ̀ ní mítà 1.6, ìlọ kan yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 2. Ní pass 2, mẹ̀tíríà ń sún 12.7 mm lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà gígùn mítà kan yóò gba ìlọ bíi 79, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 158. Bí a bá sọ ọ́ di ti wákàtí kan, ó lé díẹ̀ ní 36 m². Èyí ni nọ́ńbà tí yóò dé ìwé ìpolówó. Ní pass 8, sísún náà di 3.175 mm péré, ìlọ di 315, gígùn mítà kan náà sì di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹ̀rọ kan náà, hẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ti di nǹkan bí 9 m² ní wákàtí kan. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. A kàn ní kó tẹ iṣẹ́ tí ojú lè wò nítòsí ni.

Ó tún kù. Bí iṣẹ́ tó wà lórí rólù náà bá fẹ̀ ní mítà 0.8 péré, ìdajì ọ̀nà ni hẹ́ẹ̀dì yóò máa rìn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá 0.4 tó fi ń yí padà kò ní dín kù rárá. Ìlọ kan di ìṣẹ́jú àáyá 1.2, a ó sì rí i pé 7.6 m² ní wákàtí kan ló kù fún wa. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi ń to àwọn iṣẹ́ kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú RIP, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń sọ fáìlì di àmì ínkì, kó tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé stíkà wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò ní rí iye tí ìwé ìpolówó kọ láé, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà gbówó lórí tó.

Ṣé kí a máa wá fi pass 2 tẹ gbogbo nǹkan ni? Fún báńà tí wọ́n máa gbé kọ́ sókè lójú títì, tí ènìyàn máa wò láti ọ̀ọ́kán, ó dára, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Fún ohun tí wọ́n máa wò ní ìwọ̀n apá méjì, wàhálà méjì ló máa dé. Ti àkọ́kọ́ ni ìlà wẹ́wẹ́ tó máa ń gba ojú iṣẹ́ kọjá, pàápàá níbi tí àwọ̀ kan ṣoṣo bá ti bo ilẹ̀ ńlá. Bí sísún mẹ̀tíríà bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, bó bá sún jù, ìlà funfun á yọ. Bí kò bá sún tó, ìlà dúdú á yọ. Ní pass 8, àṣìṣe yẹn pín sí wẹ́wẹ́, ojú kò sì ní tètè rí i. Wàhálà kejì ni gbígbẹ. Ínkì tí a dà sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà méjì máa ń tutù lórí mẹ̀tíríà, ẹ̀kán á so pọ̀ mọ́ ẹ̀kán, ilẹ̀ àwọ̀ á sì rí bákan, bí ẹni pé ó ní àbàwọ́n. Òṣìṣẹ́ á wá gbé ooru ẹ̀rọ sókè kó lè tètè gbẹ. Ooru á mú kí mẹ̀tíríà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rú sókè, hẹ́ẹ̀dì tó ń fò lórí rẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà méjì á gbá a. Ìgbá kan péré lè ba hẹ́ẹ̀dì jẹ́, hẹ́ẹ̀dì sì wà lára ohun tó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ piezo, ìyẹn èyí tí iná mànàmáná ń mú kí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ínkì jáde.

Irú ẹ̀rọ kan wà tí eré rẹ̀ kì í ṣe àwàdà: èyí tí hẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dúró sójú kan tó bo gbogbo fífẹ̀ mẹ̀tíríà, tí mẹ̀tíríà nìkan sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Hẹ́ẹ̀dì kan tí ilé-iṣẹ́ Memjet ṣe, fún àpẹẹrẹ, fẹ̀ ní 222.8 mm, ó sì ní nozzle 70,400. Márùn-ún nínú rẹ̀ tí a tò pọ̀ bo nǹkan bí ínṣì 42. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìwé ń kọjá, nítorí náà ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lọ ràì. Ṣùgbọ́n kò sí ìlọ kejì tí yóò bo nozzle tó kú, àfi kí àwọn nozzle àfikún tó wà nínú rẹ̀ gbà á ṣe. Ínkì tí a fi omi pò ló sì ń lò, ó fẹ́ bébà tàbí mẹ̀tíríà tí wọ́n ti fi èròjà tó ń mu ínkì bo ojú rẹ̀. Fún àwòrán ilé àti pósítà inú ilé, ó tayọ. Ẹni tó bá rà á nítorí eré, tó wá fẹ́ fi tẹ báńà tí òjò yóò máa rọ̀ sí, ti ra ẹ̀rọ dídára fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Lẹ́yìn tí hẹ́ẹ̀dì bá dúró

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ eré ti máa ń já. Ká mú stíkà tó gùn ní mítà 25, tó fẹ̀ ní mítà 1.6, ìyẹn 40 m². Ẹ̀rọ tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan yóò tẹ̀ ẹ́ tán ní bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 6 ní pass 2, tàbí wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú 22 ní pass 8. Bó bá jẹ́ ínkì eco-solvent, ìyẹn èyí tí a fi kẹ́míkà tó ń fẹ́ lọ (solvent) pò, ló ń lò, a ní láti fi stíkà náà sílẹ̀ fún wákàtí 24, kí atẹ́gùn solvent jáde kúrò lára rẹ̀ kí a tó fi láminéètì, ìyẹn ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dáàbò bo àwòrán, bò ó. Ẹni tó bá kánjú bò ó yóò há solvent mọ́ ara gọ́ọ̀mù. Stíkà á súnkì, etí rẹ̀ á ká, á sì máa ṣí kúrò lára ọkọ̀. Bó bá jẹ́ pé lọ́la ni oníbàárà máa gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́nàkọnà, wákàtí mẹ́ta tí eré fi pamọ́ kò kan án rárá.

Ínkì latex, tó ní èròjà bíi rọ́bà nínú omi, ń lo ooru nínú ẹ̀rọ, iṣẹ́ rẹ̀ ń jáde ní gbígbẹ, a sì lè fi láminéètì bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ínkì UV náà ń gbẹ lábẹ́ iná ultraviolet kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ínkì rẹ̀ nípọn, ó sì lè sán níbi tí stíkà bá ti ní láti nà yí kọ̀rọ̀ ká. Nítorí náà, ẹ̀rọ latex tó kọ nọ́ńbà kékeré lè fi iṣẹ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ kí eco-solvent tó kọ nọ́ńbà ńlá tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀rọ láminéètì àti ẹ̀rọ tó ń gé. Bí ẹ̀rọ tó ń gé bá lè parí 10 m² ní wákàtí kan, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń tẹ 30, ńṣe ni rólù yóò máa tò jọ sílẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà tó máa ń bá eré rìn, pé dpi tó pọ̀ jù ni iṣẹ́ tó dára jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. 1440 dpi kàn ń sọ iye ibi tí ẹ̀kán ínkì lè bọ́ sí nínú ínṣì kan. Ojú tó dára, láti mítà kan, kò lè ya àmì tó ju bíi 87 sọ́tọ̀ nínú ínṣì kan. Láti mítà márùn-ún, ó di nǹkan bíi 17. Bí ẹ̀kán ṣe kéré tó, tí wọ́n ń fi picolitre, ìwọ̀n omi tíntìntín, wọ̀n, ló ń mú kí awọ ara ènìyàn àti àwọ̀ eérú dán nínú àwòrán.

Bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ wò kí a tó rà á

Ẹ má ṣe gba àpẹẹrẹ tí oníṣòwò ti tẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé mẹ̀tíríà tí ẹ ń lò gan-an lọ, irú báńà kan àti irú stíkà kan, pẹ̀lú fáìlì tiyín. Kí ilẹ̀ àwọ̀ kan ṣoṣo wà nínú fáìlì náà láti etí dé etí, kí àwọ̀ eérú tó ń ṣí láti dúdú dé funfun wà níbẹ̀, kí ojú ènìyàn wà níbẹ̀, àti lẹ́tà funfun tíntìntín (6 point) lórí ilẹ̀ dúdú. Ẹ fi àwòrán onígun mẹ́rin tí ìhà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ àti sí ìparí.

Ẹ ní kí wọ́n tẹ nozzle check, ìyẹn àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń fi nozzle tó dí hàn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko láìdúró, ní pass tí ẹ máa lò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹnikẹ́ni má sì fọ hẹ́ẹ̀dì láàárín. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n tẹ nozzle check mìíràn, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ ka iye ìlà tó ti sọnù. Bí mo bá ní kí n mú ìdánwò kan ṣoṣo, èyí ni mo máa mú, nítorí ẹ̀rọ tó ń pàdánù nozzle ní wákàtí méjì yóò máa dá iṣẹ́ dúró lójoojúmọ́ láti fọ hẹ́ẹ̀dì, gbogbo fífọ̀ náà sì ń jẹ ínkì.

Ẹ fi tépù wọn onígun mẹ́rin ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí. Bí èyí tó kẹ́yìn bá fi mìlímítà mẹ́ta gùn jù, ẹ ronú sí àwòrán ògiri tó ní abala mẹ́fà tí ó yẹ kí ó pàdé. Ẹ gé etí ọ̀tún iṣẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi kan etí òsì ti ìkẹyìn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ibi tí àwọ̀ bá ti ń yí padà bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, ibẹ̀ ni yóò ti hàn.

Ní ti àkókò, ẹ má ṣe ka ti hẹ́ẹ̀dì nìkan. Ẹ tan ẹ̀rọ láti ìgbà tó tutù, kí ẹ sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú títí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dára fi jáde. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo fi ń pààrọ̀ rólù, nítorí rólù ńlá wúwo, àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí ènìyàn méjì ló máa gbé e. Ní ti ínkì, RIP tàbí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa ń kọ iye mìlílítà tó lò fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí m², kí ẹ sì béèrè èyí tó ń lọ sí fífọ hẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ní ínkì funfun, ẹ mọ̀ pé èròjà funfun inú rẹ̀ wúwo, ó máa ń rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní iṣẹ́ funfun tó pọ̀, owó ojoojúmọ́ ló máa jẹ́ fún yín láti máa pò ó àti láti máa fọ̀ ọ́.

Kí oníṣòwò kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín: iye m² ní wákàtí kan ní pass tí ẹ yàn, lórí mẹ̀tíríà yín, iye hẹ́ẹ̀dì kan, àti bóyá òṣìṣẹ́ yín lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti iye wákàtí tí ẹlẹ́ńjìnnì wọn máa fi dé bí ẹ̀rọ bá dákú. Nínú ẹ̀rọ thermal, ìyẹn èyí tó ń fi ooru ta ínkì jáde, òṣìṣẹ́ lè yọ hẹ́ẹ̀dì kó sì fi tuntun sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ piezo, ẹlẹ́ńjìnnì ló máa ṣe é, tí yóò sì tún gbogbo hẹ́ẹ̀dì tò kí wọ́n lè ta ínkì sójú kan, gbogbo wákàtí tí ẹ bá fi ń retí rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí tí ẹ̀rọ náà ń tẹ 0 m².