Ìdẹ́rùbà kọ́ ló ń mú ọmọ ilé ìwé jìnnà sí oògùn olóró

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí a bá pe ọlọ́pàá tàbí ẹni tí oògùn olóró ti bayé jẹ́ fún wá sí ilé ìwé, tí jìnnìjìnnì sì bo àwọn ọmọ, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlànà lórí dídènà ìlò oògùn olóró tí UNODC (àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) jọ gbé jáde ní 2018 kò fọwọ́ sí ìdẹ́rùbà àti ìtàn ẹni tó ti lo oògùn rí. D.A.R.E., ètò ẹ̀kọ́ ilé ìwé tó lòdì sí oògùn olóró, tó bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà ní 1983, ní kí ọlọ́pàá máa kọ́ àwọn ọmọ; ìwádìí léraléra kò rí i kó dín ìlò oògùn kù.

Ọmọ tó mọ̀ pé sìgá ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ṣì lè gbà á, nítorí ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ pàdánù ló nà án sí i. Ohun tó nílò níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pín àwọn ọmọ ní mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n fi bí a ṣe ń kọ̀ dánra wò. Ọ̀kan á ṣe bí ẹni ń fi sìgá lọ ìkejì, ìkejì á kọ̀, ìkẹta á máa wò wọ́n. Ẹni tó ń fi lọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ọ̀rẹ́ kì í gba “rárá” àkọ́kọ́. Ẹni tó ń kọ̀ á wò ó lójú, á ní “Rárá, mi ò mu,” á tún un sọ, á sì kúrò níbẹ̀. Àlàyé gígùn ló ń ṣí àyè fún àríyànjiyàn. Olùwòran á sọ bí ohùn àti ojú ṣe rí, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bí ọ̀mùtí: ẹ̀rín ni yóò gba kíláàsì, ẹ̀kọ́ á sì bọ́ sọnù.

Àwọn ọmọ tún máa ń rò pé gbogbo ẹgbẹ́ wọn ló ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, láìkọ orúkọ: mélòó nínú mẹ́wàá lo rò pé ó ń mu sìgá? Ṣé ìwọ mu ún lóṣù tó kọjá? Ẹ kọ́kọ́ ka ìdáhùn fúnra yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n rò máa ń ju òótọ́ lọ, ẹ wá fi àpapọ̀ hàn wọ́n. Bí iye tó ń mu ún bá pọ̀ lóòótọ́, ẹ má kà á síta o.

Ọ̀sẹ̀ kan kò tó. LifeSkills Training, ètò ẹ̀kọ́ ilé ìwé láti dènà ìlò oògùn, tí onímọ̀ Amẹ́ríkà kan, Gilbert Botvin, dá sílẹ̀, ní ẹ̀kọ́ 15 lọ́dún kìíní, 10 lọ́dún kejì, 5 lọ́dún kẹta. Ohun tí àwọn olùkọ́ sábà máa ń gé kúrò bí àkókò bá dínkù ni ìdánrawò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó ti ń lo oògùn ní tirẹ̀ nílò olùdámọ̀ràn tàbí dókítà, ní ìkọ̀kọ̀.