Èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe tàbú

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo wọkọ̀ láti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tó ń ṣàlàyé ìdí tí àwọn àgbà kì í fi fẹ́ kí aláboyún rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àlàyé náà dára títí ó fi sọ pé, "Irú tàbú báyìí pọ̀ láàárín àwa Yorùbá." Olùgbọ́ kan pè, ó bi í pé kí ló dé tí kò pè é ní èèwọ̀. Ó fèsì pé ọ̀rọ̀ àwọn olórìṣà ni èèwọ̀, pé tàbú ló bá ìmọ̀ mu. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí.

Tàbú gan-an kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1777 ni ọ̀gá àwọn atukọ̀ kan, James Cook, gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará erékùṣù Tonga nínú òkun Pàsífíìkì, tó sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀. Kapu ni àwọn ìbátan wọn ní Hawaii ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á nítorí pé wọn kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé ohun ọ̀wọ̀ àti ohun tí a kì í fọwọ́ kàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àìní ló mú wọn yá a, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àwa ní tiwa láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Kí ló wá kan ẹni tó ní ìkòkò nílé pẹ̀lú ìkòkò tí aládùúgbò rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ yá?

Àwọn kan tún wà tí wọn kò fẹ́ tàbú, tí wọn kò sì fẹ́ èèwọ̀, tí wọ́n wá ṣẹ̀dá "ohun àìgbọdọ̀ṣe." Mo máa ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì mọ̀ pé ọwọ́ olùkọ́ ni wọ́n ti gbà á. Kì í ṣe gígùn rẹ̀ nìkan ni mo kórìíra. "Kò gbọdọ̀" ni ẹnu òfin: ó ní ẹni tó pàṣẹ, ó sì ní ẹni tí a pa á fún. Bí òfin mẹ́wàá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn: ìwọ kò gbọdọ̀ jalè. Èèwọ̀ kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀; "a kì í" ni ẹnu tirẹ̀. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba kì í wo inú adé. A kì í jókòó sórí odó. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n ń sọ, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé ẹja kì í gun igi. Ẹni tó sọ èèwọ̀ di "àìgbọdọ̀ṣe" ti mú ọlọ́pàá wọ ilé tí kò sí olè.

Bí ọmọdé bá bi mí pé kí ni èèwọ̀, ibi ìdáná ìyá mi àgbà ní Ìperu ni mo máa ń mú un lọ. Àkàrà ni ìyá náà ń dín. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló fi po ẹ̀wà lílọ̀, òun náà ló ń mu bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Omi kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Epo náà kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo bọ́ sínú epo tó ti gbóná: kíá ni yóò ta sí ẹni tó da omi, yóò sì ta sí ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́ tí kò mọ nǹkan kan. Epo kì í béèrè bóyá ọmọdé ló ṣe é tàbí bóyá àìmọ̀ ni, kì í sì í dúró de adájọ́. Bí omi kan náà bá sì kán sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Èèwọ̀ epo gbígbóná ni omi. Kì í ṣe èèwọ̀ ọbẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Èèwọ̀ máa ń ní ẹni tó ni ín, débi pé bí a bá ti gbọ́ ọ, ohun tó kàn ni kí a béèrè pé èèwọ̀ ta ni. Àdí jẹ́ èèwọ̀ Èṣù, ṣùgbọ́n àwọn ìyálọ́mọ ń fi àdí pa ara ọmọ wọn. Obì kì í ṣe ti Ṣàngó, orógbó ni tirẹ̀. Obì yìí kan náà ni a fi ń bọ ọ̀pọ̀ òrìṣà yòókù. Ẹni tó ń sin Ọbàtálá kì í mu ẹmu, iyọ̀ kì í sì í wọ oúnjẹ tí a gbé síwájú òrìṣà náà, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ tí kò sìn ín lè jẹ ìkọ́kọrẹ́ oníyọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún, òrìṣà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bá ń lọ péjọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kì í wò wọ́n. Èèwọ̀ ojú obìnrin ni, kì í ṣe ti ojú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan máa ń fi ojú ewé mẹ́wàá pín èèwọ̀ sí ti orí, ti ìdílé, ti òrìṣà àti ti ìlú. Ẹni tó bá ti béèrè pé ta ló ni ín ti pín in tán.

Ìdí nìyí tí ara mi kì í fi gba "ọjà tí ìjọba kà léèwọ̀," tí àwọn oníròyìn sọ di àṣà. Òfin ni ìjọba ní. Nígbà tí a ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, mo gbọ́ ọ léraléra pé ìrẹsì òkèèrè ti di èèwọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àwọn ẹnubodè náà padà. Èwo ni èèwọ̀ tí bíbuwọ́lùwé ń tú? Ètùtù ni a fi ń tún ti èèwọ̀ ṣe. "Fòfin dè" wà nílẹ̀ fún irú iṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀, ó sì pé.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí kò mọ sórí ìrẹsì. Ní ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin lórí ìfijoyè àti ìsìnkú ọba, èyí tó fún ọba láàyè kí a sin ín ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Nígbà tí Awùjalẹ̀, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 2025, ìlànà Ìsìláàmù ni a fi sin ín lọ́jọ́ kejì, ẹnu sì kún ìlú. Ẹni tó sọ pé òfin ti fagi lé èèwọ̀ àti ẹni tó sọ pé èèwọ̀ ju òfin lọ kò sọ̀rọ̀ nípa ohun kan náà. Òfin lè sọ ẹni tí ìjọba yóò mú àti ẹni tí kò ní mú. Kò lè sọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ nínú ilédì Òṣùgbó, ẹgbẹ́ awo tí àṣà gbé ìsìnkú ọba lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Òṣùgbó kò lè sọ ohun tó wà nínú ìwé òfin. N kò wá dá ẹjọ́ náà. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń dá a lo ọ̀rọ̀ tó tọ́.

Ó wá ku ẹni tó ní ti olórìṣà nìkan ni èèwọ̀. Àwọn mùsùlùmí Ìjẹ̀bú tí mo gbọ́njú bá ń pe ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní èèwọ̀ láìtijú, bí wọ́n tilẹ̀ mọ háráámù. Àwọn tó túmọ̀ Àlùkùránì sí Yorùbá náà lo èèwọ̀ níbi tó ti dárúkọ òkú ẹran, ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: nínú èdè Lárúbáwá, gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ fún ohun tí a kì í ṣe àti ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ ọ̀wọ̀ tó yí Káábà ká ti hù. Èèwọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Igbó tí a kì í wọ̀ kì í ṣe igbó ẹlẹ́gbin, igbó ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tó bá fi "ìríra" rọ́pò rẹ̀ ti pàdánù ìdajì yìí. Edun jẹ́ èèwọ̀ fún ìdílé ìbejì. Ta ni yóò sọ pé edun ń rí wọn lára?

Ní ti ìlò, a máa ń jẹ èèwọ̀ bí kò tilẹ̀ sí oúnjẹ nínú ọ̀rọ̀, a sì máa ń pa á mọ́. "Fọ́ èèwọ̀" tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ báyìí kò dára, nítorí èèwọ̀ kì í ṣe àwo. Bí a bá sì gbọ́ ohun burúkú tí a kò fẹ́ kó dé, a ó ké pé, "Èèwọ̀!"

Àmì orí rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. Mo rí pátákó kan létí igbó orò kan ní Rẹ́mọ tí a fi ọ̀dà funfun kọ EEWO sí gàdàgbà, láìsí àmì kankan lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kà á bó ṣe wà yóò kà á sí eéwo, èyí tí í yọ síni lára tí í gun ọyún. Àmì mẹ́rin péré ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́: ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta, àti ìsàmì kan lábẹ́ ọ. Ọ̀dà tó kù sí ẹnu búrọ́ọ̀ṣì ìbá tó o.