Àwòrán Ọpọlọ Tí Kò Fi Nǹkan Hàn: Fún Òbí Ọmọ Tí Wárápá Rẹ̀ Kò Gbọ́ Oògùn

Ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́ mú ọmọ rẹ̀ ọdún 6 wá bá mi. Ó fa àwòrán CT, ìyẹn àwòrán orí tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà, yọ látinú ọ̀rá, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan kan lórí ọmọ mi. Ṣé kì í wá ṣe àìsàn ilé ìwòsàn nìyẹn?" Dókítà kọ́ ni mí, èmi ni mo máa ń ya àwòrán inú ara. Àmọ́ mo mọ ibi tó ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ: wọ́n ti sọ fún un nílé pé ayé ló ń ṣe ọmọ náà.

Ìyá mi, mo ní, kí àwòrán má fi nǹkan hàn kò ní kí nǹkan má sí níbẹ̀. CT máa ń rí ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú orí àti eegun tó sán. Ohun tó sábà wà nídìí wárápá ọmọdé tí iṣẹ́ abẹ lè wò ni ibi kékeré kan tí ọpọlọ kò ti tò dáadáa láti inú oyún. Ó dà bí aṣọ òfì tí òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ra níbì kan. Ẹni tó dúró lókèèrè kò ní rí i.

Ẹ̀rọ àwòrán mìíràn tí wọ́n ń pè ní MRI ló lè rí i, bí a bá yà á fínnífínní, tí a gé àwòrán náà sí pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ. Nítorí náà, ẹ rí i pé dókítà kọ "wárápá" sínú ìwé tó fi rán yín wá. Bó bá jẹ́ "orí fífọ́" ló kọ, àwòrán orí fífọ́ la máa yà.

Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá ni MRI, kò ní ìtànṣán X-ray rárá. Mo máa ń béèrè ohun kan tó máa ń ti àwọn òbí lójú: kí ló wà lọ́rùn ọmọ, kí ló wà nídìí rẹ̀? Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń so òǹdè mọ́ ọmọ tó ní wárápá. N kì í bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n irin tó bá fara pamọ́ sínú awọ lè fò lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà, kó sì ṣe ọmọ léṣe. Ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ta ló yẹ kó dé ìdí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ? Ọmọ tó ti lo oògùn 2 tó bá wárápá rẹ̀ mu, tó lò ó déédéé, síbẹ̀ tí wárápá náà kò dáwọ́ dúró. Nínú ẹni 3 tó ní wárápá, bí ẹni 1 ni oògùn kì í ká tirẹ̀.

Àwòrán kan kì í tó fún àwọn dókítà tó ń wá ibi tí wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ. Ẹ̀rọ EEG máa ń kọ iná inú ọpọlọ sílẹ̀. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lára ènìyàn ní 1924. Àwòrán PET máa ń wo ibi tí kì í lo ṣúgà nínú ọpọlọ tó bó ṣe yẹ nígbà tí ara ọmọ balẹ̀. Àwòrán mìíràn tí wọ́n ń pè ní SPECT ló yà mí lẹ́nu jù. Nọ́ọ̀sì á jókòó ti ọmọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, á máa retí. Bí wárápá bá ṣe gbé e báyìí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, tí àwòrán máa fi hàn, gbọ́dọ̀ wọ inú iṣan, á sì dúró síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń rọ́ lọ nínú ọpọlọ. Ó di ẹ̀yìn tí ara ọmọ bá rọ̀ kí wọ́n tó ya àwòrán. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí lẹ máa rí nítòsí.

MRI mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń ní kí ọmọ mi ìka tàbí kó ronú orúkọ nǹkan nígbà tó bá wà nínú rẹ̀. Ibi tí oníṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ kàn ni wọ́n ń wá nígbà yẹn.

Mo bi ìyá náà bóyá ó ti fi fóònù gba wárápá ọmọ náà sílẹ̀ rí. Ó ṣí i. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ ń gbọ̀n, kí ojú rẹ̀ tó yí. Apá ọ̀tún ọpọlọ ló sì ń darí ọwọ́ òsì. Mo ní kó má pa fídíò yẹn rẹ́, kó gbé e lọ bá dókítà rẹ̀. Nígbà tó padà dé, "wárápá" wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a fojú sí apá ọ̀tún.